Ìkookò Tó Ń Ránṣọ

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, kọ́là ẹ̀wù kan ni aránṣọ ń rán lọ́wọ́. Oòrùn òwúrọ̀ ti wọ ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní láàárín yàrá, ìyá rẹ̀ sì wà lẹ́yìn, ó ń ká aṣọ tó ti gbẹ. Bí ọ̀gá ilé ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń kọ́ni ṣe yọjú, aránṣọ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé aṣọ rẹ̀ tí òun ò tíì rán ló wá wò. Lẹ́yìn náà ló rí ọkùnrin gíga kan tó tẹ̀ lé e. Ó rí báàgì tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì mọ báàgì yẹn, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló rán an fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó ní kí wọ́n jókòó. Wọn ò jókòó.

Bí ọ̀gá ilé ìwé ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn àti bó ṣe parí rẹ̀, aránṣọ ò lè sọ ọ́ títí di òní. Ohun tó rántí ni pé ẹ̀gbọ́n òun wà níwájú àwọn ọmọ ní kíláàsì, pé ó ní orí ń fọ́ òun, pé ó jókòó, tí kò sì dìde mọ́. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Aránṣọ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì kúrò lórí maṣíìnì. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Kọ́là ti tán lábẹ́ abẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń rán.

Ọkùnrin gíga náà ló gbé báàgì kalẹ̀, tó lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, tó fi àtẹ́lẹwọ́ dá wíìlì rẹ̀ dúró.

"Ẹ rọra, àǹtí," ló wí. "Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún ọwọ́ yín."

Aránṣọ gbójú sókè wò ó. Ó rí i pé ọkùnrin náà ti sunkún kó tó dé. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé òótọ́ ni. Láti yàrá ẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ ń béèrè pé ta ló dé.

Àwọn obìnrin méjì péré ni ìyá wọn bí. Èyí ẹ̀gbọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní èdè Jámánì, èyí àbúrò ń ránṣọ. Ẹ̀gbọ́n ló sọ àbúrò ní Abẹ́rẹ́, ó ní ó tínrín, ó ń dán, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ń gún èèyàn. Lẹ́yìn ìsìnkú, kò sẹ́ni tó pè é ní Abẹ́rẹ́ mọ́. Ilé náà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí ìyá rẹ̀ bá ń po tíì, ìró ṣíbí á dà bí ìgbà tí wọ́n ń lu agogo.

Ó tó oṣù kan kí ọkùnrin gíga náà tó padà wá. Ó kí Màmá kú ará fẹ́ra kù, ó ní tíṣà lòun náà, òun ń kọ́ àwọn ọmọ ńlá ní èdè Jámánì, wọ́n sì ti wá kó àwọn kékeré lé òun lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ yá nǹkan.

Ọ̀rọ̀ jáde nígbà tó yá. Bí èèyàn ṣe ń mọ ohun tí aago wí ní èdè Jámánì ni àwọn ọmọ ń kọ́ ní sáà yẹn. Òun ya aago sójú pátákó, òun kọ ọ̀rọ̀ sí i, òun ṣàlàyé dáadáa, ńṣe ni wọ́n ń yán. Ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ sókè, ó ní ìgbà wo ni aago tó ń rìn máa dé. Òun ò mọ aago tó ń rìn. Eré ni olóògbé fi ń kọ́ wọn, kò sì kọ eré kankan sílẹ̀. Orí rẹ̀ ló kó gbogbo rẹ̀ sí, ó sì kó wọn lọ. Ṣùgbọ́n ó ti sọ fún òun rí pé kò sí eré tí òun ń ṣe ní kíláàsì tí òun kì í kọ́kọ́ bá àbúrò òun ṣe nílé.

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n aránṣọ mi orí. Ó ní òun ò lè ṣe é.

"Mi ò gbọ́ Jámánì," ló wí.

"Èmi gbọ́ Jámánì," ni tíṣà dáhùn. "Eré ni mi ò gbọ́."

Màmá ló dá sí i láti yàrá ẹ̀yìn, ohùn tí wọn ò tíì gbọ́ láti ọjọ́ yìí. "Kọ́ ọ. Àbí kí iṣẹ́ ọmọ mi náà kú ni?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ tẹ́ aago aṣọ tó rán fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀: aṣọ róbótó ńlá kan, àjákù aṣọ aláràbarà ló fi ṣe nọ́ńbà rẹ̀, ó sì ki òwú sínú ọwọ́ aago méjèèjì kí wọ́n lè rọ̀. Ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú kí tíṣà má bàa rí i.

Eré ìkookò ló kọ́kọ́ kọ́ ọ. Àwọn ọmọ á dúró ní ìpẹ̀kun yàrá, ìkookò á kẹ̀yìn sí wọn. Wọ́n á pariwo pé, "Wie spät ist es, Herr Wolf?" ìyẹn ni pé aago mélòó ló lù, Ọ̀gbẹ́ni Ìkookò. Bí ìkookò bá ní aago mẹ́ta ni, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta. Bó bá ní aago márùn-ún, wọ́n á gbé márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa sún mọ́ ọn, àyà wọn á máa já, títí ìkookò yóò fi ní aago méjìlá ti lù, àsìkò oúnjẹ ti tó. Á fò dìde, á lé wọn, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, òun náà di ìkookò.

"Á kẹ̀yìn sí wọn, á máa ránṣọ," ni aránṣọ wí.

"Á máa ránṣọ?"

"Kí ló tún fẹ́ máa ṣe?"

Tíṣà ní ó dáa. Aránṣọ jókòó sídìí maṣíìnì rẹ̀ tó kọjú sí ògiri, bó ṣe máa ń jókòó. Nílé, òun ni ìkookò nígbà gbogbo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ni gbogbo àwọn ọmọ. Ó ń tẹ maṣíìnì, ó ń fi eyín gé òwú, tíṣà sì ń béèrè aago lẹ́yìn rẹ̀.

Jámánì rẹ̀ ò ju orin lọ. Ó mọ nọ́ńbà láti ọ̀kan dé méjìlá bí ọmọdé ṣe ń mọ orin, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ sọ méje, àfi kó bẹ̀rẹ̀ láti eins, kó máa kà á lórí ìka lábẹ́ ètè títí yóò fi bá sieben pàdé. Tíṣà á dúró. Kò ní ràn án lọ́wọ́, kò ní kánjú. Ó sọ fún un lẹ́yìn náà pé tó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún ló ń kà lọ, òun á ṣì dúró.

Ní ọjọ́ mìíràn, wọ́n ṣe aago eléèyàn. Ọmọ tó ga á dùbúlẹ̀ sórí aṣọ gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ gígùn, ọmọ kúkúrú á jẹ́ ọwọ́ kúkúrú, àwọn ìyókù á jókòó yí wọn ká bíi nọ́ńbà. Tíṣà dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan dé láti gba aṣọ, ó ní láti gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀.

"Kí ló ṣe ọkùnrin yìí?" ló béèrè.

"Ogún ìṣẹ́jú kọjá aago mẹ́ta ni," ni aránṣọ wí, kò wẹ̀yìn.

Màmá rẹ́rìn-ín ní yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tó rí i pé òun rẹ́rìn-ín, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó jáde wá, ó gbé àga, ó jókòó, ó ní kí wọ́n máa bá eré wọn lọ.

Ojú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe eré ààbọ̀. Tíṣà ṣàlàyé fún un pé bí aago bá lu mẹ́ta ààbọ̀, àwọn Jámánì kì í ka mẹ́ta tó ti lọ mọ́, mẹ́rin tó ń bọ̀ ni wọ́n ń kà, ààbọ̀ mẹ́rin ni wọ́n ń pè é. Màmá rò ó títí. Ó ní ẹ ò rí i pé àwọn èèyàn náà máa ń kí àlejò nígbà tó ṣì wà lójú ọ̀nà. Eré tí olóògbé fà yọ níbẹ̀ ni pé ọmọ kan á dúró láàárín nọ́ńbà méjì, á na ọwọ́ sí èyí tó ń bọ̀, ẹni tó jókòó sídìí nọ́ńbà yẹn á sì fà á sọ́dọ̀. Tíṣà dúró láàárín mẹ́ta àti mẹ́rin. Ó na ọwọ́. Aránṣọ fà á.

Màmá ti lọ wo omi tíì lórí iná kí ẹnikẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ọwọ́ mi," ni tíṣà wí.

"Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ẹ má tíì dá a padà."

Láti ọjọ́ náà lọ, inú aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn láìjẹ́ pé ó fún un láyè. Á jí, á rántí pé ẹ̀gbọ́n òun ti kú, ọkàn rẹ̀ á bàjẹ́; lẹ́yìn náà á rántí pé tíṣà ń bọ̀ lọ́sàn-án, ojú á sì tì í pé ayọ̀ lè bá ọ̀fọ̀ gbé inú ilé kan náà. Eré tán, tíṣà ò yéé wá. Ó ń mú ẹ̀wù wá pé bọ́tìnnì rẹ̀ já. Ọ̀sẹ̀ yìí ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ òmíràn.

Aránṣọ gbé ẹ̀wù náà sójú fèrèsé, ó wo ojú òwú. "Bọ́tìnnì kì í já báyìí, Tíṣà. Sísọ́ọ̀sì ló gé e."

Tíṣà wolẹ̀. Ó ní sísọ́ọ̀sì òun ni, ọwọ́ òun sì ni, ṣùgbọ́n ọkàn òun ló rán an níṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ jáde pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé òun fẹ́ kó jẹ́ aya òun. "Bóo bá gbà, ìfẹ́ mi, mi ò ní gé bọ́tìnnì mọ́."

Aránṣọ ní òun gbà. Ó ní kó kọ́kọ́ wá sọ fún Màmá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Màmá gbọ́ tán, kò bínú, kò pariwo. Ó dúró kí tíṣà lọ, ó pe àbúrò rẹ̀ obìnrin, àǹtí tí gbogbo ìdílé ń bá gbìmọ̀, wọ́n sì jókòó ti aránṣọ.

Màmá ní òun ò sọ pé ọkùnrin náà kò dáa. Ṣùgbọ́n tíṣà yìí àti olóògbé ló ń jẹun pọ̀ lọ́sàn-án nílé ìwé, gbogbo ayé ló mọ̀. Iṣẹ́ olóògbé ló gbà. Eré olóògbé ló wá kọ́. Ojú àbúrò jọ ojú ẹ̀gbọ́n, ohùn jọ ohùn.

"Ta ló ń wá wá níbí gan-an?" ni Màmá béèrè. "Mo ti sin ọmọ kan. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá fẹ́ èkejì sípò òkú, kó máa pe òjìji lórúkọ nínú ilé rẹ̀."

Àǹtí ní ara ń kan ẹ̀gbọ́n òun jù. Ó ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí bí iná bá kú, eérú ló fi ń bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ló ń rọ́pò rẹ̀. Ó fẹ́ fi gbè lẹ́yìn aránṣọ ni.

"Ṣé èmi wá ni eérú, àǹtí?" ni aránṣọ wí.

Ó dìde, ó padà sídìí maṣíìnì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Òun tó ti ń wọ ẹ̀wù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wọ̀ kù láti kékeré, ṣé ìfẹ́ náà ni yóò tún jogún? Nígbà tí tíṣà dé, kò jẹ́ kó wọlé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ní kó má wá mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi lò ń wá," ló wí. "Èmi lo rí."

Tíṣà ní ọ̀rẹ́ òun ni olóògbé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n sì ń sọ nídìí oúnjẹ kò ju ìtàn àbúrò kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́.

"Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni?"

Tíṣà yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́. "Mi ò mọ̀," ló wí. "Ẹnu lásán ò lè fi í hàn." Ó wọ fìlà rẹ̀, ó lọ, kò sì wá mọ́, bí aránṣọ ṣe ní kó ṣe. Aránṣọ ń ránṣọ, ó ń tú u, ó ń tún un rán. Màmá ń wò ó, òun náà ò sì jẹun dáadáa.

Nígbà tó ṣe, ọ̀gá ilé ìwé ránṣẹ́ pé àwọn ẹrù olóògbé ṣì wà nínú tábìlì rẹ̀, kí wọ́n jọ̀wọ́ wá kó wọn. Màmá ní òun á lọ fúnra òun. Kò tẹsẹ̀ sí ilé ìwé náà rí. Aránṣọ mú un lọ́wọ́ dání, wọ́n gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan kọjá níbi tí wọ́n fi báàgì àwọn ọmọ kọ́ sára ògiri, wọ́n sì dé ẹnu ilẹ̀kùn kan tó ṣí sílẹ̀. Wọ́n dúró.

Wọ́n ti ti gbogbo tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ọmọ tò sí ìpẹ̀kun yàrá, ọwọ́ lẹ́nu. Lápá kejì, tíṣà jókòó sídìí tábìlì àtijọ́ kan, ó kẹ̀yìn sí wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń lọ sókè sódò lábẹ́ tábìlì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń yí wíìlì tí kò sí níbẹ̀. Ó tẹ ọrùn sápá òsì díẹ̀, ó fa òwú tí kò sí níbẹ̀, ó fi eyín gé e.

"Wie spät ist es, Herr Wolf?" ni àwọn ọmọ ké.

Kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ kà á lórí ìka, láti orí ọ̀kan, lábẹ́ ètè. Lẹ́yìn náà ó ní aago márùn-ún ni. Àwọn ọmọ gbé ẹsẹ̀ márùn-ún. Alágídí kan gbé mẹ́fà.

"Kí ni tíṣà yìí ń ṣe?" ni Màmá béèrè.

"Ó ń ránṣọ, Màmá."

"Ṣé bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe ń ṣe é nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni aránṣọ wí.

Ọmọbìnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́ jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, eyín iwájú rẹ̀ ti yọ. Ó gbójú sókè. "Rárá o, Màmá. Ìkookò ti àǹtí wa, sísùn ló máa ń sùn. Á máa han-an-run. Ìkookò ti Tíṣà ló ń ránṣọ. A ti sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ìkookò kì í ránṣọ. Ó ní èyí tí òun fẹ́ràn nìyẹn."

Aránṣọ di ara ilẹ̀kùn mú. Nílé, iṣẹ́ oníbàárà ni kì í jẹ́ kí òun dìde nídìí maṣíìnì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kàn ń rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni, tó ń béèrè aago. Ó ti rò pé apá kan eré ni. Ó ti fi iṣẹ́ ara rẹ̀ kọ́ tíṣà láìmọ̀. Kò sí ohun tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ọrùn tó tẹ̀ yẹn, nínú eyín tó ń gé òwú, nínú ìka tí wọ́n ń kà. Ara rẹ̀ ló ń wò.

Ìkookò ní aago méjìlá ti lù. Ó fò dìde, àwọn ọmọ fọ́n ká bí àgbàdo, ó lé wọn yíká yàrá, ó sì sáré bọ́ sí iwájú Màmá ní ẹnu ilẹ̀kùn. Ó dúró gbagidi.

"Ìkookò," ni Màmá wí, "wọ́n ní o mọ̀ pé bí ọmọ mi ṣe ń ṣe é kọ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀, Màmá. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Kí ló dé tó ò ṣàtúnṣe?"

Tíṣà fi apá ẹ̀wù nu òógùn. Ó wo aránṣọ, kò tún wo ibòmíràn. "Eré olóògbé ni mo wá kọ́ nílé yín, mo sì kọ́ ọ. Gbogbo ìyókù, bó ṣe ń ṣe é ni mò ń ṣe é. Ṣùgbọ́n èyí, ti àbúrò rẹ̀ ni. Òun ni mo rí tó jókòó síbẹ̀, mi ò rí ẹlòmíràn. Ó ní kí n má wá mọ́, mo sì gbọ́ràn. Ibí yìí nìkan ló kù tí mo ti lè máa rí i."

Àwọn ọmọ ń wo àgbà, àgbà ń wo ara wọn. Màmá wo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó ṣe bí ẹni tó ń wọn aṣọ.

"Bóo ṣe ń tẹ maṣíìnì yẹn," ló wí nígbà tó yá, "wàá fa aṣọ oníbàárà ya. Wá sílé nírọ̀lẹ́ kí Abẹ́rẹ́ kọ́ ọ dáadáa."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é ní Abẹ́rẹ́. Aránṣọ fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kan, ṣùgbọ́n ńṣe ló nàka sí àyà tíṣà.

"Bọ́tìnnì rẹ já."

"Èyí já fúnra rẹ̀, ọkàn mi," ni tíṣà wí. "Mo búra."

Ìgbéyàwó wọn kò lariwo, àfi ti àwọn ọmọ kíláàsì tí wọ́n kó wá. Bí aago ara ògiri ṣe lù, gbogbo wọn fi Jámánì sọ ohun tó wí ní ohùn kan, àǹtí sì fò nínú àga, ó béèrè bóyá ìjà ni. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó fa ìyàwó mọ́ra, ó sọ sí i létí pé òun ti gbàgbé òwe eérú yẹn, kí ìyàwó jọ̀wọ́ bá òun gbàgbé rẹ̀. Ìyàwó ní òwe wo. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rín nínú omi náà àti èyí tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọjọ́ tó pé ọdún kan tí olóògbé lọ, Màmá ti múra kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó ní òun á bá wọn dé ilé ìwé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọ́kọ́ débẹ̀. Kò tíì sí ọmọ kankan, àwọn àga ṣì dojú dé orí tábìlì. Tíṣà sọ fún wọn pé olóògbé kì í jẹ́ kí agbálẹ̀ ilé ìwé gbá ibi tí òun máa tẹ́ aago sí. Ó máa ń ní ilẹ̀ tí àwọn ọmọ máa dùbúlẹ̀ lé, òun fúnra òun lòun máa gbá a.

Aránṣọ mú ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Gbé e fún mi," ni Màmá wí.

"Ẹ̀yìn yín, Màmá."

"Gbé e wá. Èmi ni mo kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀."

Ó gbà á. Ó wọ́n omi díẹ̀ sílẹ̀ kí eruku má bàa dìde, ó bẹ̀rẹ̀ láti igun yàrá, ó rọra ń gbá a bọ̀ lábẹ́ tábìlì àti lẹ́bàá ògiri. Tọkọtìyàwó náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò sì wọlé títí ó fi gbá a dé ẹsẹ̀ wọn.